Iná Etí Ọ̀sà àti Ilé Wa ní Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá fún yín ní oṣù yìí lè kọ́kọ́ dún létí yín bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà àti àwọn òṣèlú. Ọ̀rọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ amúnáwá tí ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ́ sí etí òkun tàbí etí ọ̀sà, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí. Àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ègbin ní ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde pé àwọn ń gbèrò láti kọ́ apá kejì tí yóò tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí rédíò, àwọn kan nínú wa a pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn a rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, gbogbo wa a sì padà sídìí iṣẹ́ wa. Ṣebí Ilé-Ifẹ̀ kò sí ní etí òkun?

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Iná tí a ń retí ní Mọ́ọ̀rẹ̀, ní Ìlódè, ní Ẹnuwá àti ní Ọ̀kèrewè, ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń bọ̀. Ohun tí ó bá ṣe iṣẹ́ lọ́hùn-ún ni yóò ṣe iṣẹ́ níhìn-ín. Ohun tí ó bá sì bàjẹ́ lọ́hùn-ún, inú firíìjì wa ni a ó ti kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ilé-iṣẹ́ amúnáwá nìkan kọ́ ni iná. Ìkòkò ni. Ìkòkò tí kò bá sí igi lábẹ́ rẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò bu oúnjẹ inú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, tí a kò sì san owó èlò rẹ̀, ìkòkò òfìfo ni, bí ó ti wù kí ó tóbi tó. Ẹni tí ó bá ti dáná rí yóò mọ ohun tí a ń wí.

OHUN TÍ ÒKÙNKÙN Ń GBÀ LỌ́WỌ́ WA

Ẹ wo ẹni tí ń ta ẹja inú yìnyín ní Sábó tàbí ní Lágere. Owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó fi ra páálí ẹja. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, tí kò sì rí owó ra epo, ẹja yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, oníbàárà yóò sì já iye tí ó pè é wálẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ kò ní fi kọ́bọ̀ kan dín. Ẹ wo aránṣọ tí ó gba aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ogún ènìyàn, tí ọjọ́ ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, tí irin ìlọṣọ rẹ̀ tutù bí òkúta. Ẹ wo ìyá tí ń lọ ata, ẹni tí ń ṣe irun, ẹni tí ń ta omi inú ọ̀rá. Ẹ wo nọ́ọ̀sì tí ń gbẹ̀bí lóru, tí ó ní láti fi ẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè gba ọmọ.

Jẹnẹrétọ̀ ni a fi ń dí àlàfo náà, àlàfo náà kò sì ṣeé dí mọ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, iye tí ìjọba fi ọwọ́ sí fún lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, owó rẹ̀ gorí àjà, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti kọjá 900 náírà. Ẹni tí ó ń fi lítà mẹ́rin lọ ata lójúmọ́ mọ ìṣirò náà lórí ju olùkọ́ lọ.

Èyí tí ó burú jù ni ti ẹ̀mí. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ènìyàn lójú. Ẹni tí ó bá sùn tì í nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀, orí yóò kọ́kọ́ máa fọ́ ọ, oorun yóò kùn ún, ó sì lè má jí mọ́. Lọ́dọọdún ni a ń gbọ́ pé odidi ìdílé lọ báyìí ní ilẹ̀ wa. Nítorí náà, kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, a bẹ̀ yín: ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí ilé ìdáná tàbí sí abẹ́ fèrèsé, ẹ má sì jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ mọ́jú nígbà tí ẹ bá ń sùn. Ìta gbangba, níbi tí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ni àyè rẹ̀.

BÍ GÁÀSÌ ṢE Ń DI INÁ

Ilé-iṣẹ́ amúnáwá onígáàsì tí ó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà ni ti Ègbin yìí. Ó wà nítòsí Ijede ní agbègbè Ìkòròdú, ní bèbè ọ̀sà gan-an. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni mẹ́gáwáàtì, ẹ sọ fún un pé mẹ́gáwáàtì kan tó láti tan gílóòbù ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 100 wáàtì.

Gáàsì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jẹ́ ìbátan gáàsì ìdáná wa, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí ó wà nínú sílíńdà wa máa ń di olómi nígbà tí a bá tì í mọ́ inú irin, ìdí nìyí tí a fi lè rù ú lọ sílé. Ti ilé-iṣẹ́ amúnáwá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú ọ̀pá ńlá tí a rì mọ́lẹ̀ ni ó sì ti sábà máa ń rìn. Láti abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń jáde, nígbà mìíràn pẹ̀lú epo rọ̀bì. Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà tí irú gáàsì tí a ti rí ní abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó ti Nàìjíríà. Síbẹ̀, láti ìgbà tí a ti ń wa epo ni a ti ń dáná sun púpọ̀ nínú rẹ̀ lásán ní Niger Delta, tí ọ̀run ibẹ̀ ń pọ́n lóru bí ẹni pé ilẹ̀ ń mọ́.

Báwo ni gáàsì ṣe ń di iná nígbà náà? Ẹ rántí bí ọmọrí ìkòkò ṣe máa ń fò nígbà tí omi bá hó. Ooru ni ó ń tì í. Ní Ègbin, iná gáàsì ni wọ́n fi ń hó omi nínú ìkòkò irin tí ó ga bí ilé alájà púpọ̀. Ooru omi náà, tí a há mọ́ inú páìpù, yóò fi agbára ńlá fẹ́ lu àwọn abẹ̀bẹ̀ irin tí a ń pè ní tọ́báìnì. Tọ́báìnì yóò máa yí, yóò sì yí ẹ̀rọ tí ń mú iná mànàmáná jáde. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi omi ọ̀sà mú ooru náà tutù, kí ó lè padà di omi tí a ó tún hó. Ìdí kan pàtàkì nìyí tí wọ́n fi ń wá etí omi fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí mìíràn ni pé ọkọ̀ ojú omi ni ó lè gbé àwọn ẹ̀rọ wíwúwo dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, àti pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ iná bí ẹni jẹ ẹ̀kọ kò jìnnà síbẹ̀.

Irú ẹ̀rọ mìíràn tún wà tí kì í hó omi rárá. Inú ẹ̀rọ bí ti ọkọ̀ òfuurufú ni gáàsì ti ń jó, èéfín gbígbóná rẹ̀ ni ó sì ń yí tọ́báìnì. Ó rọrùn láti kọ́, ṣùgbọ́n ooru púpọ̀ ni ó ń bá èéfín lọ. Nítorí náà ni wọ́n fi gbọ́n ọgbọ́n kan: wọ́n ń fi ooru tí ìbá ṣòfò náà hó omi, wọ́n sì ń fi ooru omi yìí yí tọ́báìnì kejì. Ìyá alákàrà tí ó bá din àkàrà tán, tí ó wá gbé omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ lé ẹyinná tí ó kù, ọgbọ́n kan náà ni ó ń dá. Gáàsì tí kò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yóò mú iná tí ó pọ̀ sí i wá.

LÁTI Ọ̀SÀ DÉ ILÉ-IFẸ̀

Ègbin fúnra rẹ̀ kò ní gáàsì. Láti agbègbè Escravos ní Niger Delta ni gáàsì ti ń wá, nínú ọ̀pá tí a tẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980 láti gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó. Bí iná bá ti jáde tán, àwọn wáyà ńlá tí òpó irin gíga gbé dúró ni yóò máa gbé e lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Agbára tí ń ti iná nínú àwọn tí ó tóbi jù nínú wọn tó 330,000 fóòtì.

Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun, ẹ tẹ́tí sí èyí. Òṣogbo tiwa níbí ni ilé ìṣàkóso àpapọ̀ fún gbogbo iná Nàìjíríà wà. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣọ́ iná tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ wọn le, nítorí pé iná mànàmáná kì í ṣe èlùbọ́ tí a lè dì sínú àpò kí a gbé e sórí àjà. Iye tí a bá mú jáde ní ìṣẹ́jú yìí gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú iye tí a ń lò ní ìṣẹ́jú yìí. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá dákẹ́ lójijì ní etí ọ̀sà, ẹrù rẹ̀ yóò bọ́ sórí àwọn yòókù. Bí wọn kò bá lè rù ú, àwọn náà yóò máa dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí gbogbo ilẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí nígbà tí wọ́n bá ní gbogbo iná orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀. Ní ọdún 2024 nìkan, ó wó ju ìgbà mẹ́wàá lọ.

Kí iná tó wọ ilé wa, a gbọ́dọ̀ sọ agbára rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ibùdó dé ibùdó, títí yóò fi dé tiransifọ́mà àdúgbò. Kì í ṣe ti Ègbin nìkan ni yóò dé Ifẹ̀, nítorí gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀ bí odò púpọ̀ tí ó ṣàn sínú òkun kan. Ti Kainji tí omi ń yí láti ìparí àwọn ọdún 1960 wà nínú rẹ̀, ti Jebba àti ti Shiroro wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pín iná ilẹ̀ wa sí ọ̀nà mẹ́rin, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ni ó ń wá láti ara gáàsì.

ÌKÒKÒ ŃLÁ, OÚNJẸ DÍẸ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣe pàtàkì nìyí. Bí a bá ka agbára gbogbo ilé-iṣẹ́ amúnáwá tí a ti kọ́ tí a so mọ́ wáyà orílẹ̀-èdè, ó tó nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 13,000. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí wọ́n kéde pé iná tí a mú jáde pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ, iye rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 5,801 péré. Àwa tí a fẹ́ pín in sì ju igba mílíọ̀nù ènìyàn lọ. Ju ìdajì ìkòkò wa lọ ni ó dojú dé sílẹ̀, a sì tún ń ra ìkòkò tuntun. Kí ló dé?

Èkíní ni igi ìdáná. Gáàsì kì í dé bí ó ti yẹ. Ní ọdún 2016, nígbà tí àwọn kan ń fọ́ ọ̀pá epo àti ọ̀pá gáàsì ní Niger Delta, iná jó rẹ̀yìn káàkiri orílẹ̀-èdè. Yàtọ̀ sí èyí, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó gáàsì. Ní ọdún 2024, ìjọba sọ iye tí àwọn amúnáwá yóò máa rà á di dọ́là 2.42 fún òṣùwọ̀n kan. Bí náírà bá ti ń ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni owó náà ń ga. Ẹni tí ó ní gáàsì yóò sì bi ara rẹ̀ pé, ṣé kí n tà á fún ẹni tí yóò jẹ mí ní gbèsè ni, tàbí kí n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ bá ẹni tí yóò sanwó lọ́wọ́?

Èkejì ni ẹni tí yóò bu oúnjẹ náà kiri. Wáyà ńlá wa ti gbó ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn kò sì pọ̀ tó. Tiransifọ́mà àdúgbò tí a rà fún ogójì ilé, ọgọ́rùn-ún ilé ni ó ń gbé. Kódà bí Ègbin bá mú ìlọ́po méjì iná rẹ̀ jáde lónìí, kò ní dé ọ̀dọ̀ wa bí kò bá sí ọ̀nà tí yóò gbà.

Ẹ̀kẹta ni owó. Láti orí mítà wa ni owó ti ń gbéra, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń pín iná, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni wáyà ńlá àti àwọn amúnáwá, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni gáàsì. Bí ẹnì kan lójú ọ̀nà kò bá san ti ọwọ́ rẹ̀ pé, ebi ni yóò pa ìdí ààrò. Ní ọdún 2025, àwọn amúnáwá kígbe pé gbèsè tí a jẹ àwọn ti tó nǹkan bíi trílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Púpọ̀ nínú gbèsè náà jẹ́ ti ìjọba, tí ó ṣèlérí láti san apá kan owó iná fún aráàlú, tí kò sì san án tán. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúnìtì kan láti nǹkan bíi 68 náírà lọ sí 225 fún àwọn tí wọ́n pè ní Band A, pẹ̀lú ìlérí pé iná wọn yóò máa tó wákàtí ogún lójúmọ́. Àwọn yòókù dúró ní ẹ̀yìn, wọ́n ń wò wọ́n bí ọmọ tí kò sí ní ìdí àwo.

ẸNI TÍ Ó SÚN MỌ́ INÁ KỌ́ NI Ó Ń YÁNÁ

Bí àwọn kan bá rò pé ẹni tí ilé rẹ̀ bá sún mọ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá ni iná kì í wọ́n, ẹ jẹ́ kí a lọ sí gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá onígáàsì ti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Apá kìíní rẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 335, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007. Wọ́n sì tún kọ́ apá kejì tì í. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú àti ìletò ní agbègbè náà, láti Òkìtìpupa dé Ìlàjẹ ní etí òkun, wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Aáwọ̀ lórí gbèsè iná àti wáyà tí ó bàjẹ́ wà nínú ohun tí ó fà á. Iná ń gba òkè orí wọn kọjá lọ sí ibòmíràn, àwọn ìyá Ìlàjẹ sì ń fi àtùpà sá ẹja.

Ní etí òkun yẹn kan náà, ní ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn àti Oǹdó, ni wọ́n ti pinnu láti dá ìlú ilé-iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ ní Olókòlà lẹ́yìn ọdún 2000. Gáàsì ni wọ́n fẹ́ sọ di olómi níbẹ̀, kí wọ́n máa tà á sí òkè òkun, kí ilé-iṣẹ́ mìíràn sì yí i ká. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ńlá ilẹ̀ òkèèrè fọwọ́ sí i. Nígbà tí ó di ọdún 2012 sí 2013, wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote tí ìbá wà níbẹ̀ náà, Lẹ́kìí ni wọ́n gbé e lọ. Ẹni tí ó ti ta ilẹ̀ oko rẹ̀ ní ìrètí iṣẹ́, ilẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ kò sì dé. Ohun tí a kọ sínú ìwé kò tíì di ohun tí a fi ń se ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ète ni ó ń pòfo. Ẹ wo Lomé ní ilẹ̀ Tógò. Ní agbègbè ilé-iṣẹ́ tí ó wà lẹ́bàá èbúté wọn, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá onígáàsì kan tí wọ́n ń pè ní Kékéli, èyí tí ó túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ní èdè Ewé. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Agbára rẹ̀ kò ju mẹ́gáwáàtì 65 lọ, kò tó ìdá mẹ́ta ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní Ègbin. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìyá alákàrà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi kọ́ ọ. Níbo ni ó ti ń rí gáàsì? Láti Nàìjíríà ni. Ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí orílẹ̀-èdè mẹ́rin fọwọ́ sí àdéhùn lé lórí ní ọdún 2003, gbéra ní Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Badagry wọ inú òkun, ó sì lọ sí Kutọnu, Lomé àti ilẹ̀ Gánà. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 678. Kí wọ́n tó gbé Kékéli kalẹ̀, wọ́n ti mọ ibi tí igi ìdáná yóò ti wá. Ìkòkò kékeré tí ó ń hó sàn ju agbada ńlá tí ó dojú dé lọ.

ÀWỌN TÍ Ń GBÉ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ RẸ̀

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn arábìnrin wa tí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń bá nílé. Lóòótọ́, èéfín gáàsì mọ́ ju ti èédú àti ti epo dúdú lọ. Bí a bá fi mú ìwọ̀n iná kan náà jáde, afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná tí yóò ti inú rẹ̀ wá tó nǹkan bí ìdajì ti èédú. Ṣùgbọ́n kò mọ́ tán. Gáàsì tí ó bá sì jò dànù láìjó ń mú ayé gbóná ju èéfín rẹ̀ lọ. Omi gbígbóná tí a bá dà padà sínú ọ̀sà lè lé ẹja kúrò ní ibi tí àwọn apẹja mọ̀. Ẹ̀rọ ń pariwo tọ̀sán-tòru. Ilẹ̀ tí a bá gbà, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ẹnì kan ni.

Òfin ti wà fún èyí láti ọdún 1992: kí a tó kọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí yóò ṣe fún ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, kí a sì fún àwọn ará agbègbè láyè láti sọ tẹnu wọn. Níbi púpọ̀, àwọn baálé àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni ó máa ń lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń pọn omi, tí ń yan ẹja, tí ń wo ọmọ tí ń wúkọ́ lóru, ilé ni ó máa ń wà. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí ìjọba àpapọ̀ yàn nínú ètò iná àwọn yunifásítì. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá onígáàsì tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 8 ni wọ́n sì pinnu fún un. Láti ọdún 2023 bákan náà, òfin ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣètò iná tiwọn, kí wọ́n má ṣe wo ojú Àbújá nìkan mọ́. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tí a ń dìbò fún nítòsí wa, tí a ń rí ní ọjà àti ní òde ìnáwó, ni a lè bi ní ìbéèrè báyìí.

Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá, ìbáà ṣe ní etí ọ̀sà, ìbáà ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ má ṣe yára pàtẹ́wọ́, ẹ má sì ṣe yára rẹ́rìn-ín. Ẹ béèrè ohun márùn-ún. Ta ni yóò pèsè gáàsì, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà dé ibẹ̀? Wáyà wo ni yóò gbé iná náà, ṣé ó sì lè gbé e? Ta ni yóò ra iná náà, kí ni a ó sì máa san lórí yúnìtì kan? Kí ni àwọn tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò rí gbà, kí ni wọn yóò sì pàdánù? Ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀, ta ni a ó sì mú bí ọjọ́ náà bá kọjá? Bí ẹni tí ó wá ṣèlérí bá dáhùn ìbéèrè márààrún, iná ń bọ̀. Bí ó bá ń sọ iye mẹ́gáwáàtì nìkan, ìkòkò ni ó ń tà.

Àwa náà ní ohun tí ó kàn wá. Bí ẹ kò bá ní mítà, ẹ pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò láti fi ìwé béèrè fún un, nítorí owó tí a méfò ni ó ń fa ìjà jù. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí iná dé àti tí ó lọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta ní ọwọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́jà lágbára ju igbe ọdún kan lọ. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà gba ẹ̀yìn mítà fún yín, nítorí iná tí a jí ń sun tiransifọ́mà, ó sì ń pa ọmọ. Ẹ sì rán obìnrin lọ sí ìpàdé tí wọ́n bá pè lórí iná, kí ó lọ jókòó níwájú.

Àwọn baba wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí a ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá onígáàsì sí etí omi ní ilẹ̀ wa, a sì ti dàgbà kọjá ẹni tí a ń fi ìlérí rẹ̀ lẹ́kún. Ìyá tí ń ṣọ́ ìkòkò rẹ̀ kì í wo bí ó ti tóbi tó kí ó tó pe àwọn ọmọ wá jẹun. Yóò ṣí ọmọrí, yóò wo inú rẹ̀, yóò sì bi ẹni tí ó gbé e kaná pé, oúnjẹ dà?